Omi Àlùwàlá àti Ilé-Ìwé Rùkáyà

A ti kírun àsùbáà kí a tó gbé báàgì wa sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, nítorí lífítì ilé wa ní Peckham tún ti kú. Rùkáyà, àbíkẹ́yìn mi, ló bu omi àlùwàlá fún mi, ó sì bá mi wẹ apá ọ̀tún, bó ṣe ń ṣe láti ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu apá òsì mi.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ yìí ti gba dìgírì, ó wá fẹ́ di dókítà tó ń ran ẹni tí àìsàn dá wó lọ́wọ́ láti tún dìde. Ilé-ìwé méjì ló ti gbà á. Ọ̀kan wà ní London níbí. Òsítíópátì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ìyẹn fífi ọwọ́ tọ́jú eegun àti iṣan. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ kì í sọ èèyàn di dókítà. Èkejì wà ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹni tó bá ka òsítíópátì ti ń di dókítà pátápátá, tó ń kọ oògùn, tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń retí èsì lọ́wọ́ rẹ̀. Rùkáyà ní ti London lòun máa mú.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mummy, I just prefer it, jàre."

Irọ́ gbuu! Èmi ni ìdí. Ta ni yóò máa bá mi ṣe àlùwàlá? Mo ní ká lọ fojú rí ti Amẹ́ríkà ná.

Alhaji onítakisí gba ọgọ́ta pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa dé pápákọ̀ òfuurufú. Òpópónà Rye Lane tí èèyàn kì í ráyè rìn lọ́sàn-án dá páropáro. Ó bi mí pé, "Ìyá, kí lẹ ń lọ ṣe ní America?"

"Mò ń lọ wo ibi tí ọmọ mi máa lọ gbé."

"Máṣáálàhù! Ìgbà wo ni yìgì?"

"Uncle, school ni o!" Rùkáyà pariwo látẹ̀yìn. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Wákàtí mẹ́sàn-án la lò lókè, a tún wọ bọ́ọ̀sì fún wákàtí méjì, dọ́là méjìdínlọ́gbọ̀n ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà náà tẹ́jú, àmọ́ n kò rí ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ní Peckham, màá ti kí èèyàn mẹ́wàá kí n tó dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n fún wa ní gíríìtì, ìyẹn ògì tí kò kúnná tí wọ́n fi iyọ̀ àti bọ́tà sí. Mo bu ṣúgà sí i. Ìyá tó gbé oúnjẹ wá wò mí bí ìgbà tí mo bu iyọ̀ sí tíì.

Ní ilé-ìwé náà, bẹ́ẹ̀dì gígùn ló kún kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ yẹ èjìká ara wọn wò. Mo fi hìjáàbù bo ọwọ́ òsì mi bí mo ṣe máa ń ṣe níta. Olùkọ́ wọn, dókítà obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun, ṣáà rí i. Kò kàn fà á. Ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi, ó wá bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ kí ọwọ́ yìí bá yín ṣe?"

Háà. Àwọn tó tọ́jú mi ní London ṣe dáadáa, Ọlọ́run á bù kún wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi kàn sọ ọ́ ni: "Mo fẹ́ máa dá àlùwàlá ṣe, kí ọmọ mi lè rí ààyè lọ."

Rùkáyà bú sẹ́kún. Kò mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Mo ṣàlàyé àlùwàlá fún obìnrin náà. Ṣé àwọn àgbà wa ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́. Òsì tèmi ló kọṣẹ́. Ó fọwọ́ yẹ ọrùn mi, èjìká mi àti ìhà mi wò, ó ní apá kì í dá ṣiṣẹ́. Ó rọra ń na apá náà bí ìyá mi ṣe máa ń fi òrí na apá ọmọ tuntun lẹ́yìn ìwẹ̀. Ó mú mi dé ìdí síǹkì, ó ní kí n fi ìgúnpá òsì lélẹ̀ létí rẹ̀, kí n má gbìyànjú láti gbé ọwọ́ sókè, kí n kàn máa wọ́ ọ lọ lára apá ọ̀tún. Ọrùn ọwọ́ ni mo wọ́ ọ dé tó yẹ̀. Rùkáyà sáré wá dì í mú.

Obìnrin náà sọ fún un pé, "Fi ọwọ́ rẹ sẹ́yìn. Ìyẹn ló le jù nínú iṣẹ́ yìí."

Gbogbo ọjọ́ tó kù la fi ń gbìyànjú rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ mi ń rẹ, ọwọ́ ń yẹ̀.

Àárọ̀ Jímọ̀ la padà dé Peckham. Alhamdulillahi, wọ́n ti tún lífítì ṣe. Ìrun Jímọ̀ ń bọ̀, mo wọ balùwẹ̀, mo fi ìgúnpá lélẹ̀. Rùkáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ méjèèjì mú sẹ́yìn. Ọwọ́ mi yẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní. Rùkáyà ṣe bí ẹni fẹ́ wọlé, ó dúró. Ọwọ́ tún yẹ̀. Omi ti kún ilẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí ọwọ́ òsì mi tó dé ìgúnpá ọ̀tún pẹ̀lú omi, ẹ̀rù bà mí, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kó lè pé ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Rùkáyà, lọ kọ̀wé sí wọn."

"Sí ti ibo, Mummy?"

"Sí ibi tí wọ́n ti ní kó o fọwọ́ sẹ́yìn."

Ó tẹ èsì náà sórí fóònù níbi tó dúró sí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí mo lọ rí kọ́ ní Amẹ́ríkà kò ju ìyẹn lọ: ẹni tó fẹ́ràn wa a máa mọ ìgbà tó yẹ kó dúró sẹ́yìn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo bí irú rẹ̀. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó nawọ́ sí mọ́ọ̀pù.

Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.