Ta Ló Bí Ọ ní Ìbàdàn?

Ní pápákọ̀ òfuurufú ní Èkó, ìlà méjì làwọn èèyàn máa ń tò síwájú àwọn tó ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò: ọ̀kan fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀kan fún àjèjì. Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìlà àwọn àjèjì ni mo tò sí. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ agbẹ̀bí tí mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn nílùú Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí n ráyè, nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ mí di ọmọ ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fún mi ní pásípọ́ọ̀tù tiwọn, mo kàn gba físà sínú ẹ̀, mo wọ bàálù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ṣí ìwé mi. "Mà, kí lẹ wá ṣe ní Nàìjíríà?"

"Mo wá kí ìyá mi ni."

Ó wo orúkọ mi, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, mà."

Kò sí àbùkù kankan nínú ohun tó bi mí. Ohun tí wọ́n ń bi gbogbo àjèjì ni. Àmọ́ nígbà tí mo wọ ọkọ̀ Ifẹ̀ tán, ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Mi ò tíì fi ẹnu ara mi ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni rí ìdí tí mo fi ń lọ sílé wa.

Ìlódè ní Ifẹ̀ nilé wa wà. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, ìró rẹ̀ ló sì máa ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwa ọmọ á jókòó sábẹ́ tábìlì, a ó máa ṣa àwọn àjákù aṣọ, a ó máa fi wọ́n wọṣọ fún ọmọláńgidi tá a fi igi gbẹ́. Bàbá mi ń dáko kòkó. Tó bá sá kòkó síwájú ilé, òórùn rẹ̀ á bá gbogbo aṣọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé aṣọ wá fún ìyá mi á sì máa yínmú. Ìyá mi á ní, "Ẹ fọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá délé, ó máa lọ." Mo ti gbọ́ òórùn lọ́fínńdà tó wọ́n gan-an nílùú òyìnbó, síbẹ̀ tí mo bá ní kí n rántí ilé, kòkó tútù tí oòrùn ń pa ni imú mi kọ́kọ́ máa ń lọ bá.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ náà, kò sí kòkó mọ́. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájà, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé nínú ilé náà pẹ̀lú rẹ̀, bá mi gbẹ́rù wọlé. Lẹ́yìn tá a kíra, tá a dìmọ́ra, tí mo sì jẹun, ẹ̀gbọ́n mi bi mí bí ìrìn-àjò ṣe rí. Mo ní ó dáa, àfi wàhálà físà tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá mi. "Físà kẹ̀? Ṣé irú èyí tí mo gbà lọ sí Mẹ́kà?"

"Irú ẹ̀ ni, Màámi."

"Èmi gba físà torí pé mi ò ní ẹbí kankan ní Mẹ́kà. Ta lo ò ní ní Ìlódè?"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì jáde pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ló lò ó, lọ́dún tó lọ sí Hájì, àmọ́ ó fi ìborùn wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, níbi tó ti le ojú koko bí ẹni pé ẹni tó ń ya fọ́tò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Wò ó. Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n kọ ibi tí wọ́n bí mi sí síbẹ̀. Gbé tìrẹ wá."

Mo kó méjèèjì fún un, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà tó ti kú. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi kà mọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi ìka tẹ̀ lé tó bá ń kàwé. Ó ka orúkọ mi. Ó ka ọjọ́ ìbí mi. Lẹ́yìn náà ìka rẹ̀ dúró lójú kan, ó tún padà sẹ́yìn, ó tún kà á. Ó ṣí ìwé kejì, ó wá ojú ibẹ̀.

"Ta ló bí ọ ní Ìbàdàn?"

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe eré.

Mo wá ṣàlàyé fún un. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ló bá wa sáré pásípọ́ọ̀tù. Ìbàdàn ló ti gbà á, ó sì jọ pé ìyẹn ló jẹ́ kó kọ Ìbàdàn sí ibi tí wọ́n bí mi sí. Bàbá mi rí i. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọjọ́ ìrìn-àjò ti wọlé dé, kò sì sí àyè láti tún un ṣe. Bí Ìbàdàn ṣe tẹ̀ lé mi lọ nìyẹn. Ó tẹ̀ lé mi dé ilé-ẹ̀kọ́, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu iṣẹ́, ó bá mi dúró lọ́jọ́ tí mo búra láti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá mi wọ inú pásípọ́ọ̀tù tuntun. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tilẹ̀ rí i níbi iṣẹ́ nígbà kan, ó fò mọ́ mi, ó ń bi mí pé ọmọ agbo ilé wo ni mí. Ó ṣòro fún mi kí n tó lè jẹ́ kó mọ̀ pé Ifẹ̀ ni mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá ẹ ò sọ fún mi," ló wí. Ó pa ìwé méjèèjì dé. "Yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí ni mo ti rọbí. Ṣé wọ́n gbé yàrá náà lọ sí Ìbàdàn ni?"

Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, mo ti pinnu pé mi ò ní padà láìgba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tuntun, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún ibi tí wọ́n bí mi sí kọ. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi wádìí. Wọ́n ní kí n mú ìwé wá láti ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹnì kan tó dàgbà jù mí lọ, tó sì mọ̀ nípa ìbí mi, lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun lè lọ.

"Ìwọ?" ni ìyá mi wí fún un. "Ìwọ tó o wà nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Mọdákẹ́kẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí i? Èmi tí mo bí i ni mo máa lọ."

Lọ́jọ́ tá a máa lọ, ó ti múra tán kí n tó jí. Ó wọ léèsì funfun, ó fi ìborùn funfun lé e, ó sì ti fi tùràrè para. Nínú táksí, kò dákẹ́. Ó ń nawọ́ síta fèrèsé bí ẹni tó ń fi ìlú han àlejò, bẹ́ẹ̀ ìgbà èwe mi ló ń fi hàn mí. "Ilé kéú tó o ti sá fún áfáà nìyẹn." "Ibi tó o ti já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ rèé, tí àgbọ̀n ẹ fi bó." Wọ́n ti kọ́ ilé alájà sí ibì kan, wọ́n ti ń ta fóònù níbòmíì, àmọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mò ń rí.

Akọ̀wé tó ń gba ìbúra ní kọ́ọ̀tù jẹ́ obìnrin tó máa tó ẹgbẹ́ mi. Àwọn èèyàn díẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n. Ó gbé ìjókòó fún ìyá mi.

"Àlàájà, Àlùkùránì lẹ máa fi búra, àbí?"

"Òun ni."

"Ibo lẹ bí wọn sí?"

"Wọn wo?" Ìyá mi yíjú wò mí. "Ọmọ mi nìyí."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Ẹ máà bínú, mà. Ibo lẹ bí ọmọ yín sí?"

Ká ní ìyá mi dáhùn pé "Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀," ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Àmọ́ ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ilé-ìwé fẹ́ wọlé, àwọn òbí ò sì jẹ́ kí n sinmi. Bí mo ṣe ń tẹ maṣíìnì lẹ́yìn ń ro mí. Mo ní ìjókòó ni. Mo rán ọrùn aṣọ kan tán, mo ní kí n mú òmíì, ni omi bá tú sílẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Òjò ọjọ́ yẹn, ẹ ò lè gbọ́ ohùn ẹnì kejì yín. Ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n lọ pe agbẹ̀bí wá láti Òkèrèwè. Kí agbẹ̀bí tó la òjò yẹn já, ọmọ ti yọrí. Ìyá ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Kò rí nǹkan tó máa fi wé e, ló bá fa aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ yọ lórí maṣíìnì. Aṣọ búlúù ni. Òun lọmọ yìí kọ́kọ́ wọ̀ láyé."

Akọ̀wé ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá wọn ńkọ́, mà?"

"Oko ló wà. Òjò pa á débi pé aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ igbe ọmọ, kò lè wọlé. Ó ń pariwo láti ìta pé, 'Ta ló bímọ níbí?' Ìyá rẹ̀ ní, 'Ìwọ ni.'"

Ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Agbẹ̀bí ni mí. Mi ò mọye obìnrin tí mo ti dì lọ́wọ́ mú lórí ìkúnlẹ̀, tí mo ti bi léèrè pé ìgbà wo ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí omi tú. Mi ò bi ìyá tó bí mi rí. Orí ìjókòó kọ́ọ̀tù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí, ni mo ti gbọ́ ọ.

Akọ̀wé kọ gbólóhùn kan péré nínú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ lé Àlùkùránì, ó búra, ó sì fọwọ́ síwèé. Wọ́n gbé táńpáàdì fún un pé kó tẹ ìka, ó ní rárá, òun mọ orúkọ òun kọ. Ó kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò fo àmì kankan.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la lọ sí ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ya fọ́tò mi, tí wọ́n gba ìtẹ̀ka mi, tí wọ́n sì yẹ àwọn ìwé mi wò. Pásípọ́ọ̀tù náà jáde kí ìsinmi mi tó parí. Mo gbé e fún ìyá mi kí n tó bọ́ bàtà. Ó wọ awò, ó fi ìka tẹ̀ lé e, ó kà á sókè, ó ní "Alihamudu lilai," ó sì jáde. A ò rí i títí ìrọ̀lẹ́. Ojúlé dé ojúlé ló ń gbé pásípọ́ọ̀tù mi kiri, tó ń fi í han àwọn aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tíì rò ó rí pé ibòmíì ni wọ́n bí mi sí.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pe Ìbàdàn títí dòní. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n béèrè ìwé, mo fi ránṣẹ́, wọ́n tún béèrè òmíì. Mi ò gba kámú, àmọ́ kò dùn mí mọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń wọlé lọ́hùn-ún, aláwọ̀ ewé ni mo fi ń wọ Nàìjíríà, mo sì máa ń mú ìwé kọ́ọ̀tù dání bóyá ẹnì kan á béèrè ìdí tí wọ́n fi bí mi níbi méjì.

Lọ́dún kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé Màámi ò lè dìde mọ́. Mi ò ní físà kankan láti dúró dè. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo wọ bàálù. Mo bá a láyé, a sì jọ lo oṣù kan àti díẹ̀ pọ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́, mo máa ń fi òrí pa á lẹ́yìn, ó á sì máa sọ ìtàn fún mi: bí bàbá mi ṣe máa ń gbé aṣọ tí kò ya wá fún un láti rán, kó lè rí i, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ tẹ maṣíìnì, tí abẹ́rẹ́ gún un. Mo ń bi í léèrè, ó ń dáhùn, tó bá rẹ̀ ẹ́, ó á ní kó di ọ̀la. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ló dágbére fún ayé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àti èmi jókòó tì í. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la sin ín sí Ìlódè. Nígbà tí àwọn tó wá kí wa lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣí fèrèsé yàrá iwájú sílẹ̀, atẹ́gùn wọlé, a jọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, èmi àti òun.