Àmì Ojú Ewé Kẹtàdínlógún

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Hilda Raistrick. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń wa ọkọ̀ ìkàwé kiri àfonífojì Yorkshire, n kò tíì rí òǹkàwé tó le tó o. Ìtàn ìdílé ahunṣọ kan láyé àtijọ́, tìfẹ́tìjà, apá méjìlélógún: ó ti kà á tán, ẹni tó kọ ọ́ sì ti kú. Láti ọjọ́ tí Amos ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ìwé yẹn nìkan ló ń bá a gbélé.

Mo gbé ìwé ìfẹ́ mẹ́fà mìíràn fún un. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà.

"Kí ló ṣe wọ́n, mà?"

"Ojú ewé kẹta, wọ́n ti ń fẹnu konu. Ta ló ń ṣiṣẹ́ nílé wọn? Ọmọ mi, tó ò bá rí gidi mú wá lọ́sẹ̀ méjì sí i, wá gba káàdì ẹ. Mo jáwọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kí ló fẹ́ máa ṣe lórí òkè yẹn lóun nìkan, nígbà òtútù?

Níbí, àwọn àgbà a máa fi pẹ́ńsù sàmì bíńtín sójú ewé kan, kí wọ́n má baà yá ìwé tí wọ́n ti kà. Ọ̀gá mi ní kò dáa; èmi ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Òbíríkítí ni ti Hilda, lójú ewé kẹtàdínlógún. Mo tú ìwé méjìlélógún náà wò. Nínú gbogbo wọn, àmì ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀: igun mẹ́ta tí ìlà kan là láàárín. Ẹnì kan wà tí ohun tó wu Hilda ń wù. Mo bá wá àmì yẹn kiri ilé ìkàwé ìlú, títí mo fi rí i níbi tí òbíríkítí kò sí: ìtàn àwọn ọmọbìnrin tó ń la ẹja létíkun, apá mẹ́sàn-án. Mo gbé mẹ́ta lọ fún un.

Lọ́sẹ̀ méjì sí i, inú òjò ni mo bá a tó ń dúró dè mí.

"Mo sunkún, mo kà á títí páì mi fi jóná nínú ààrò. Mo ti ń rí àmì yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi tipẹ́, n kò fọkàn sí i rí. Ṣé o mọ ẹni tó ni ín?"

"Rárá, mà."

Ó nawọ́ sí àwọn àgùntàn tí Amos fi sílẹ̀ lórí òkè. Igun mẹ́ta pupa, ìlà kan láàárín, ni wọ́n fi ọ̀dà kùn sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmì tí Amos fi ń mọ ẹran tirẹ̀.

"Ogójì ọdún ló fi ń bú mi pé ìwé ìranù ni mò ń kà. Gbogbo ọjọ́ Túsìdeè, ó ní ọjà àgùntàn lòun ń lọ. Irọ́ ńlá. Ilé ìkàwé ló ń sá lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Amos, ọwọ́ bà ọ́ lónìí. Èmi ni mo borí."

Ó gba ìwé mẹ́fà tó kù, kò jẹ́ kí n bá a gbé e.

"Amos ò ní mọ ìtàn yìí jù mí lọ," ló wí, ó sì gun òkè lọ.