Omi Tó Wà Nínú X-ray Ọkọ Mi

Inú mi ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa mú un, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí X-ray, torí òun ló fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Àfẹ́sọ́nà mi ń ka ìwé dókítà ní yunifásítì. Kì í ṣe dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ o, ti kẹ́mísírì ni. Ó po kẹ́míkà pọ̀, ó sè é, ó ní òun ti rí nǹkan tuntun ṣe. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ ní àwọn ò gbọ́ tẹnu, àfi kí nǹkan náà dì, kó di horo wínníwínní bíi ṣúgà, kí wọ́n ya horo náà ní X-ray, káwọn rí bí inú ẹ̀ ṣe tò. Ẹ̀rọ tó ń yà á ò sí nítòsí, òkè òkun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. La bá ń dúró.

Bàbá mi, tí wọ́n ń ránṣọ l'Ọ́jà'ba, bi mí pé ìgbà wo làwọn ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá tọrọ mi. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, X-ray ẹ̀ ni ò tíì dé.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ agboolé nìyẹn. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ní X-ray tí wọ́n bá yà n'Íbàdàn, wọn kì í pẹ́ fúnni. Èyí tó bá ti dé òkè òkun, àìsàn ọ̀hún ti le nìyẹn. Wọ́n ní omi ló wà lẹ́dọ̀fóró ẹ̀, àwọn ti rí i lójú ẹ̀. Mo ní kì í ṣe ara ẹ̀ ni wọ́n yà. Wọ́n ní ta ló wá ń ṣàìsàn? Bàbá mi là á mọ́lẹ̀: "Mi ò ní fọmọ mi fún aláìsàn. Ó dìgbà tí mo bá fojú ara mi rí X-ray yẹn."

Nígbà tí X-ray náà dé, àfẹ́sọ́nà mi gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi lórí fóònù. Ìyá Àgbà náà ò gbẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ni, igi tín-ín-rín so wọ́n pọ̀. Bàbá mi gbé e jìnnà sójú bí ẹni ń wo pátánù aṣọ, wọ́n ní apá òsì ò gùn tó tọ̀tún. Wọ́n wá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù pupa kan tó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí lèyí?"

Ọkọ mi ò mọ irọ́ pa. "Omi ni, sà. Ó há sí i lára ni, kò ba nǹkan jẹ́."

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ṣé mi ò wí?"

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Omi lásán? Alihamdulilai. Lọ mú àwọn èèyàn ẹ wá."

Mi ò ṣàlàyé mọ́. Yunifásítì ní àfi kó fi X-ray hàn kó tó di dókítà, bàbá mi ní àfi kó fi X-ray hàn kó tó di ọkọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló fi yege méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìdána, oòrùn mú ganrínganrín, gbogbo èèyàn ń mu omi dídì. Tíì gbígbóná ni Ìyá Àgbà gbé síwájú dókítà mi nítorí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í títí ó fi mu ún tán.