Èédú Bọ̀ọ̀dá Àmúsà àti Omi Abẹ́ Máńgòrò

Tí ẹ bá dé Ìjù, lẹ́bàá Ọ̀tà, tí ẹ rí ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ búlúù títí dé ìgúnpá, tó sì ń rẹ́rìn-ín, Bọ̀ọ̀dá Àmúsà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, nìyẹn. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ló gbé e wá sí Ọ̀tà láti Ẹdẹ. Nígbà tí wọ́n dá wọn dúró, ó padà sídìí aró tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Kì í da omi aró nù bẹ́ẹ̀. Inú àgbá èédú ló ń jẹ́ kó gbà kọjá. Èèpo ẹ̀kùrọ́ ló máa ń sun, á dé e pa kó má baà di eérú. Ihò wẹ́wẹ́ inú èédú náà ló ń gba aró dúró, tí omi á fi jáde ní mímọ́. Ó fẹ́ràn èédú yìí ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Òjò wá dé. Bọ̀ọ̀dá gbé àgbá mìíràn sábẹ́ igi máńgòrò, kó lè máa fi omi òjò po aró, kó sì sinmi omi kànga fífà. Kò pẹ́ tí omi búlúù fi ń ti inú àgbá èédú ṣàn wọ ọgbà tẹ̀tẹ̀ Ìyá Sàfúrátù, onílé wa.

"Àmúsà, mo fẹ́ràn rẹ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún rí aró lọ́gbà mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, kó ìkòkò rẹ kúrò lágbàlá mi."

Bọ̀ọ̀dá pààrọ̀ èédú. Aró ṣì ń jáde. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ò lè wo ìyẹn níran. Mo bu omi òjò inú àgbá abẹ́ máńgòrò, níbi tí ewé ti rà, mo fi kọ́ọ̀bù gbé e fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mu àgbo, kí ọkàn yín balẹ̀."

Ó gbé e dé ẹnu, ó gbóòórùn rẹ̀. "Àgbo kí lèyí?"

"Àgbo aṣọ. Òun lẹ fi ń po aró."

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí!" Ó gbé kọ́ọ̀bù sókè kó dà á sí mi lára, ló bá dúró, ó ń wò ó. "Mo máa ń sẹ́ ewé yẹn kúrò o."

"Ẹ sẹ́ ewé. Ṣé ẹ sẹ́ omi ewé?"

Ó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀. Ó po aró díẹ̀ sínú omi kànga, ó po díẹ̀ sínú omi máńgòrò, ó da ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí èédú tuntun. Ti kànga mọ́ gaara. Ti máńgòrò jáde ní búlúù.

"Háà! Omi ewé ti gba gbogbo àga inú èédú kí aró tó dé!"

"Bí àwọn ará Ẹdẹ níbi ìkómọ," mo ní. Ó lé mi yí ilé ká.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, Ìyá Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọgbà, ó bu omi tó ń ṣàn sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. Kò sí aró.

"Fi ìkòkò rẹ sílẹ̀ níbẹ̀," ló wí, ó sì já tẹ̀tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Bọ̀ọ̀dá ti gbé àgbá òjò kúrò lábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀rín rẹ̀ ti padà, àmọ́ kò gbà mí gbọ́ mọ́. Nígbà tí ibà ṣe é, tí mo gbé àgbo gidi fún un, ó kọ́kọ́ da díẹ̀ sórí èédú wò.