Bọ̀dá Bólúwají àti Àwọn Aládùúgbò Orí Sáfà

Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Yeoville ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bọ̀dá Bólúwají wọ ẹ̀wù kóòtù, tó ra páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, tó wọ taxi lọ sí Alexandra láti lọ bẹ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí pé kó jọ̀ọ́ kó kúrò nílé. Ilé ọ̀hún kì í ṣe ilé bíríkì o. Orí sáfà ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ìkànnì ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń gbé. Ìkànnì Micah, tó ń ta oògùn tó ń mú olólùfẹ́ tó sá lọ padà, àti ìkànnì Àyọ̀ká, tó ń se ọ̀fàdà àti mọ́ínmọ́ín ní Rockey Street, jọ ń lo àdírẹ́sì IP kan ṣoṣo níbẹ̀. Lójú Bọ̀dá, Micah ló ń ba orúkọ ilé jẹ́ lọ́dọ̀ Google.

Micah ṣílẹ̀kùn. Ó wo kóòtù, ó wo páálí, àánú sì ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ sọ, ṣùgbọ́n bí Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ fún wa nìyí:

"Eish, bàbá. Ìgbà wo ló ti lọ?"

"Láti oṣù kẹrin."

"Ẹ jọ jà ni?"

"Èmi kọ́. Ìwọ lo lé e lọ!"

"Èmi? Mi ò mọ ìyàwó yín rí!"

"Ìyàwó mi wà ní Bruma, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ìkànnì Àyọ̀ká ni mò ń sọ!"

"Shap, ó ti yé mi, bàbá," ni Micah wí jẹ́jẹ́. "Ẹ mú fọ́tò Àyọ̀ká wá."

A ti rẹ́rìn-ín ìtàn yìí títí, ṣùgbọ́n lọ́dún 2014 yẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Orí ìkànnì ni àwọn ọ́fíìsì ti máa ń rí Àyọ̀ká kí wọ́n tó pè é fún oúnjẹ. Bọ̀dá ló bá a kọ́ tuntun nígbà Àjíǹde, lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé akántáǹtì ni, ṣùgbọ́n ìkànnì kíkọ́ ni ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ìkànnì tuntun náà dùn ún wò. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti jáde, ẹnikẹ́ni ò rí Àyọ̀ká lórí Google mọ́. Fóònù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Opó ni Àyọ̀ká, òun nìkan ló ń tọ́mọ. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé bí oṣù kẹfà bá parí tí nǹkan ò yí padà, òun máa ti ṣọ́ọ̀bù, òun máa mú Tèmilọlá, ọmọ òun, padà sí Iléṣà. Kíláàsì àṣekágbá sì ni Tèmilọlá wà, ìdánwò mátíríìkì rẹ̀ ku oṣù díẹ̀. Bó bá lọ nígbà yẹn, gbogbo wàhálà ilé ìwé rẹ̀ ló máa já sí asán.

Akínfẹ́mi, ẹnjiníà tí òun àti Bọ̀dá jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbìyànjú láti là á yé Bọ̀dá.

"Ẹ̀gbọ́n, àdírẹ́sì IP ò fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Àìmọye ìkànnì ló jọ ń gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀. Micah gan-an ńkọ́? Ẹ wá oògùn ìfẹ́ lórí Google wò. Òun ló wà lókè téńté, lórí àdírẹ́sì kan náà tí ẹ ní kò dáa!"

"Hẹn-ẹn," ni Bọ̀dá fèsì. "Ṣé o ti rí olè tó ń ja ilé ara rẹ̀ lólè rí?"

Akínfẹ́mi mu omi.

Ẹ má bínú sí Bọ̀dá. Ọmọ Èkìtì ni, níbi tí wọ́n ti ń wádìí ìdílé dé orí baba ńlá kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé wọn kì í jalè? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe wádìí sáfà tuntun tó fẹ́ kó ìkànnì Àyọ̀ká lọ. Ó kọ ọ̀kan torí pé wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Ó kọ òmíràn torí ìkànnì kan tó ń ta irun èèyàn. "Ta ló ni irun yẹn tẹ́lẹ̀?" ló bi òṣìṣẹ́ wọn lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ náà pa fóònù mọ́ ọn létí.

Níkẹyìn, ó gba àdírẹ́sì àdáni tí ẹlòmíràn ò bá a pín. Ó kó ìkànnì Àyọ̀ká lọ síbẹ̀ tàdúràtàdúrà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Google ò rí Àyọ̀ká.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹfà, òtútù mú bí nǹkan míì, torí ìgbà òtútù ni oṣù kẹfà níbí. Àyọ̀ká ń fi ìwé ìròyìn wé abọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra fìríìsà sì ti wá wò ó lọ. Tèmilọlá jókòó sí kọ̀rọ̀, ìwé físíìsì wà lórí itan rẹ̀, kò ṣí i.

"Uncle, is it up yet?"

Bọ̀dá wo fóònù rẹ̀. "Not yet, my dear."

"Okay."

Ó dá mi lójú pé "okay" yẹn dun Bọ̀dá ju èébú lọ.

Akínfẹ́mi nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wo inú ìkànnì yìí."

"A kì í fi yàrá han àlejò." Ohun tó ti ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn.

Àyọ̀ká ò gbójú sókè. "Bọ̀dá mi," ló wí, "ẹrù ni mò ń dì yìí o."

Bọ̀dá Bólúwají ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́wọ́ Akínfẹ́mi. Àwọn taxi ń fun fèrè níta. Akínfẹ́mi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó wá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì máa ń fàmì sí bí iṣẹ́ ò bá tíì parí, kó lè sọ fún Google pé má tíì wọlé, a ṣì ń kọ́lé. Bọ̀dá fàmì sí i nígbà Àjíǹde, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ibi tó kó ìkànnì lọ ni àmì náà bá a lọ. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá aládùúgbò jà, òun fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀kùn láti inú.

Àyọ̀ká gbé abọ́ kan dání. A rò pé ó máa sọ ọ́ lù ú ni. Bọ̀dá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀yin náà rí irú àwọn tó yí wa ká," ló wí. "Ta ló ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín gbé Àyọ̀ká jókòó sórí ẹrù. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àyọ̀ká, má bínú. Jọ̀ọ́, má tíì lọ. Fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i." Àyọ̀ká ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní tú abọ́ kankan.

Akínfẹ́mi yọ àmì náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù dún. Ọ́fíìsì kan ní Sandton ń fẹ́ ọ̀fàdà fún ìpàdé wọn. Àwọn míì tẹ̀lé e. Àyọ̀ká tú abọ́ rẹ̀, Tèmilọlá sì ṣe ìdánwò rẹ̀ níbí, ó yege.

Bọ̀dá ò yéé sọ pé àdírẹ́sì tuntun ló ṣe é. Micah ní tirẹ̀ ní òun ni. Ó tẹ bébà tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo òpó robot, iná tó ń darí ọkọ̀: "Mò ń mú ọkọ, ìyàwó àti ìkànnì tó sọnù padà." Látìgbà náà, gbogbo Kérésì ni páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan máa ń kúrò nílé Bọ̀dá ní Bruma lọ sí Alexandra.

Lọ́dún 2018, àìsàn ọkàn mú Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n wa, lọ. Nígbà tí a dé ibi ìsìnkú, Akínfẹ́mi ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó ń ti ibojì kan bọ́ sí èkejì, ó ń ka orúkọ.

"Kí lò ń wá?" ni Àyọ̀ká bi í.

"Mò ń bá ẹ̀gbọ́n ṣèwádìí. Tíṣà àgbà kan ló wà lọ́tùn-ún. Ìyá akọrin ló wà lósì."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó ku kí ẹbí bu iyẹ̀pẹ̀, ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú páálí lórí èjìká. Àwọn tó ń ṣètò èrò dá a dúró, wọ́n ní kí ló jẹ́ sí olóògbé.

"Aládùúgbò rẹ̀ ni mí," ni Micah wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "A jọ gbé àdírẹ́sì kan rí."

Tèmilọlá, tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó kọjá," ló wí. "Ará ilé ni."

Micah gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, ó dúró sáàárín wa, ó sì bu iyẹ̀pẹ̀.