Ẹ̀rín Tí A Fi Wo Ijó Ẹ̀gbọ́n Mi

Lẹ́yìn tí Màámi kú, Bàámi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń jẹun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dáhùn bí ará àdúgbò bá kí i. Ṣùgbọ́n bí àwàdà bá délẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣe ni yóò máa wo ẹnu wọn bí ẹni tí wọ́n ń sọ èdè tí kò gbọ́ létí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fi gbé bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́ta, nínú yàrá méjì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó: Bàámi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi.

Kápíńtà ni Bàámi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì sì ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Pápá Àjàó, àga àti bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, mò ń múra ìdánwò àṣejáde. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, ti lé ní ogún ọdún dáadáa, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì kan ní Yàbá.

Ọ́fíìsì yẹn ló fi lẹ́tà rán an lọ sí ilé kan lẹ́yìn ọjà Yàbá. Obìnrin òyìnbó kan, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà tó wá la títì, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ijó ìlú tiwọn nínú yàrá ńlá kan níbẹ̀. Bùọ̀dá dúró lójú fèrèsé, ó ń wò wọ́n. Ó gbàgbé lẹ́tà lọ́wọ́. Obìnrin náà jáde, ó rò pé ó wá forúkọ sílẹ̀ ni, ó sì fà á wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló ń gbà lọ.

Ọdún kan kọjá kí Bàámi tó gbọ́. Ó ń fá pákó lọ́wọ́ nígbà tí Bùọ̀dá sọ fún un.

“Kí lẹ ń pè é?”

“Bàlẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹyẹ ló ń balẹ̀,” ni Bàámi wí. “Ìwọ kì í ṣe ẹyẹ.”

Ó tún ń fá pákó rẹ̀ lọ. Kò ní kó má lọ mọ́. Kò sì bi í léèrè nípa rẹ̀ mọ́ láé. Èyí dun Bùọ̀dá ju kó nà án lọ. Ní àdúgbò wa, àwọn tó ti rí ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ni lára tí wọ́n fi ń jó o ní Bùọ̀dá ti di obìnrin. Kò dáwọ́ dúró. Ní ìdájí, á di etí fèrèsé mú, á máa gbé ẹsẹ̀ sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀, títí òógùn á fi rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èmi ni mò ń bá a fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ti bó.

Nígbà tó yá, tíṣà òyìnbó náà ní kí wọ́n jó ìtàn kan fún àwọn ènìyàn, ìtàn apanilẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá wálé lọ́jọ́ tí wọ́n pín ipa, kò jẹun.

“Ipa ọ̀dẹ̀ ni wọ́n fún mi,” ló wí.

“Ẹ̀yin? Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jó jù.”

“Ohun tí tíṣà ní ó fà á gan-an nìyẹn. Ó ní ẹni tó mọ ijó jó dáadáa nìkan ló lè jó o bàjẹ́ tí yóò fi pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.” Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Wá wò wá o. Ṣùgbọ́n má mú Bàámi wá. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí mi lórí ìtàgé, bí ọ̀dẹ̀ ni wọ́n á ṣe rí mi.”

Mo ní mo gbọ́.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti jó o, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán. Sátidé mẹ́ta tó tẹ̀léra ni wọ́n fi sí. Èmi nìkan ni mo lọ ní àkọ́kọ́. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ìjọba jókòó níwájú lórí àga onítìmùtìmù. Àwa yòókù wà lẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì: òbí àwọn oníjó, àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti àwọn ará àdúgbò tí wọ́n gbọ́ dùùrù tí wọ́n yà wọlé.

Ìtàn náà kò le. Ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ọmọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ fi í fún ọmọ olówó kan tí kò gbọ́n. Ọmọ olówó yìí gbà pé òun ni oníjó tó dára jù nílùú, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò bá tòsì sọ̀rọ̀. Òun ni Bùọ̀dá.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọkùnrin kan lẹ́yìn mi bi ìyàwó rẹ̀ pé, “Ìgbà wo ni wọ́n máa tó sọ̀rọ̀?” Ìyàwó ní, “Bóyá ohùn ti há wọn.” Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin dìde dúró lórí ṣónṣó ìka ẹsẹ̀, ìyá àgbà kan fi ìborùn bojú. “Yéè! Ẹ ní kí wọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ o! Ọmọ ọlọ́mọ ni!” Àwọn tó wà níwájú yí ọrùn padà, wọ́n wò wá. Àwọn mọ ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n á dúró dè é, wọ́n á sì rọra pa á. Àwa kò mọ̀ pé ó nígbà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ẹnu wa, a sọ ọ́. Nígbà tí bàbá ọmọbìnrin yẹn ń yọ́ bọ̀ wá síbi tí ọmọ rẹ̀ àti oníbúrẹ́dì fara pamọ́ sí, gbogbo bẹ́ǹṣì ló kígbe pé, “Ó ń bọ̀! Bàbá ẹ ń bọ̀!” Mo rí i tí ọmọbìnrin náà bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bùọ̀dá wá jáde, gbọ̀ngàn dàrú. Ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi ọgbọ́n ijó han ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbá ara wọn lókè. Nígbà kejì, ó balẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sì tẹrí ba fún ògiri. Nígbà kẹta, ó fi ìdí balẹ̀ gbì, ó dìde, ó ń tiro yí ìtàgé ká, ó ń bẹ̀rẹ̀ kí wa bí ẹni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àwọn òyìnbó pàápàá gbàgbé ara wọn, wọ́n ń lu itan.

Lápá ìkẹyìn, ọ̀dẹ̀ náà mú òdòdó wá síbi ìgbéyàwó, ó kúnlẹ̀, ọmọbìnrin náà sì kọ̀ ọ́. Tíṣà ti sọ fún un pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń dákẹ́, tí àánú á ṣe wọ́n. Ní ìlú tiwọn ni o. Ní Sùúrùlérè, ẹnì kan kígbe pé, “Ọkọ̀ ti lọ!” Ẹlòmíràn ní, “Gbé òdòdó ẹ lọ fún ìyá ẹ!” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ti ń rín tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn, ẹnu mi pa dé.

Síbẹ̀, inú mi dùn délé. Mo rò ó nínú ọ̀sẹ̀ yẹn pé bí nǹkan kan bá wà láyé yìí tó lè pa Bàámi lẹ́rìn-ín, òun nìyẹn. Ní ọjọ́bọ̀, mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù.

“Bàámi, ẹ jẹ́ ká lọ wo Bùọ̀dá ní Sátidé.”

Ó gbé òòlù sílẹ̀. “Ṣé ó mọ̀ pé mò ń bọ̀?”

“Ó mọ̀, sà.”

Irọ́ ni mo pa.

Nígbà tí Sátidé dé, Bàámi wọ bùbá àti ṣòkòtò tó máa ń wọ̀ lọ gba oúnjẹ Olúwa. A jókòó ní bẹ́ǹṣì kẹta. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin dìde lórí ìka, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn bó ṣe máa ń wo oríkèé àga. Ó ní, “Iṣẹ́ ni,” bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Bùọ̀dá fò nígbà àkọ́kọ́, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó tẹrí ba fún ògiri, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí n kò gbọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rín Bàámi máa ń jáde láti inú ikùn ni, á há díẹ̀, á wá bẹ́. Ó di èjìká mi mú. “Ọmọ yìí!” ló ń wí. “Ọmọ yìí!”

Bùọ̀dá gbọ́ ọ. Mo rí i tó yí ojú síhà ọ̀dọ̀ wa ṣáájú kó tó fò nígbà kẹta. Ó fò, ó ga ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, ó sì fi ìdí balẹ̀. Ó dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀ láti gbé e. Ó tún ṣubú. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó di àga mú, ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́n-ún pọ́n-ún yí ìtàgé ká, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. A tún rẹ́rìn-ín sí i. Bàámi ń nu omijé ojú. Èmi náà rín, mo rín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń ro mí. Mo ti rí eré náà rí, mo mọ̀ pé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò rí báyìí. Mo rò pé ó fi kún un nítorí Bàámi ni.

Ó tún jáde lápá ìkẹyìn pẹ̀lú òdòdó. Ó kúnlẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́, kò lè dìde. Oníjó méjì gbé e jáde bí àpò ìrẹsì. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró, a ń pàtẹ́wọ́.

Bàámi kò dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìtàgé lọ sẹ́yìn, èmi tẹ̀lé e, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Lórí ẹní ni a bá Bùọ̀dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Tíṣà kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún, ó ń fi omi dídì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Bùọ̀dá rí Bàámi, ó gbìyànjú láti dìde kí i, kò lè ṣe é.

“Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀, sà?” ló bi í.

Bàámi ṣí fìlà.  Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó gbé e dé inú takisí.

Ní ọsibítù, dókítà ní iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló já. Ó ní bó bá jókòó lójú ẹsẹ̀ ni, kì bá tí bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàámi ní kó tún un sọ. Nígbà tí a ń jáde bọ̀, ó yíjú sí mi. “Ṣé lóòótọ́ ló mọ̀ pé mò ń bọ̀?”

“Rárá, sà.”

Mo dúró de ìgbájú. Kò gbá mi. Ó kàn ń lọ níwájú, ó sì jẹ́ kí n máa tẹ̀lé e.

Ẹlòmíràn ló gba ipa Bùọ̀dá ní Sátidé kẹta. N kò lọ. Wọ́n ní ẹ̀rín kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Tíṣà máa ń gbé ọsàn wá kí Bùọ̀dá nílé, títí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fi parí tí wọ́n kó lọ sí ìlú wọn. Wọ́n sọ yàrá tí wọ́n ti ń jó ní Yàbá di ibi tí wọ́n ń kó símẹ́ńtì sí. Ẹsẹ̀ Bùọ̀dá san, ṣùgbọ́n kò lágbára tó èkejì mọ́. Ó padà sí ọ́fíìsì. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà máa ń rí i ní títì, wọ́n á rí bó ṣe ń tiro, wọ́n á rò pé ó ń dá wọn lára yá ni. “Bùọ̀dá oníjó! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!” Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń juwọ́ sí wọn.

Bàámi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ọ̀pá tí Bùọ̀dá ń tẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ títí àìsàn fi dá a wólẹ̀ lọ́dún kejì. Bùọ̀dá ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ tí Bàámi bi í pé, “Kí ló dé tí o kò jókòó lọ́jọ́ yẹn?”

Bùọ̀dá nu ọṣẹ kúrò lára abẹ. “Mo gbọ́ ẹ̀rín yín, sà,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ yín gbẹ̀yìn.”

Bàámi kọjú sí ògiri. Kò lo oṣù náà tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kúnlẹ̀ níwájú Bùọ̀dá, mo ní kó dárí jì mí nítorí irọ́ tí mo pa. Ó gbé mi dìde.

“Bí o kò bá mú wọn wá, ǹ bá ṣì ń jó,” ló wí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. “Bí o kò bá sì mú wọn wá, wọn kì bá rí mi láéláé. N kò mọ èwo ni kí n fẹ́. Jọ̀ọ́, má bi mí mọ́.”

N kò bi í mọ́. Ó kó lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó bímọ. Àwọn ọmọ náà gbà pé jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe bàbá wọn lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ń wí.