Ẹ̀yìn, Dákẹ́!

Díákónì Àjàní ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú iṣẹ́ yìí. Mo ti gba dípúlómà nínú iṣẹ́ iná mànàmáná kí n tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ibo Road, níbi tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pátápátá ló fi mí sí. Bí mo bá gbẹ́nu lé ohun tó ṣe ẹ̀rọ oníbàárà, á kígbe pé, "Ẹ̀yìn, dákẹ́!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń sọ kiri ṣọ́ọ̀ṣì pé ilẹ̀ ni mo ń gbá fún òun, pé n kò mọṣẹ́ kankan. N kò gbàgbé.

Ọpẹ́ mi pọ̀ fún Málàm Sání ní Fagge, tó gbà mí síṣẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Bí hóòmù tíátà, ẹ̀rọ orin onísípíkà púpọ̀, bá dé, kì í kánjú tú u. Á ní, "Madam, ki saurari kowa." Ìyẹn ni pé kí n gbọ́ tẹnu sípíkà kọ̀ọ̀kan kí n tó dá èyíkéyìí lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Noman's Land, òun ni mo fi tọ́ ọmọ.

Láìpẹ́ yìí, Díákónì ránṣẹ́ pè mí. Ẹsẹ̀ kò gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ni àwọn ọmọ rẹ̀ bá ra kọ̀ǹpútà àti sípíkà mẹ́fà fún un kó máa fi gbọ́ orin ìyìn. Ti iwájú ń kọrin, ti ẹ̀yìn kò fọhùn. Àwọn oníṣẹ́ tó ṣáájú mi débẹ̀ ti ní kó lọ ra òmíràn. Mo lọ. Kì í ṣe àánú ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé mo mọṣẹ́.

"Ìyá Títí, sannu da zuwa," ó kí mi káàbọ̀. "Má bà á jẹ́ fún mi o."

"Ilẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n gbá, sà. Ìgbálẹ̀ yín dà?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu.

Mo gbọ́ tẹnu sípíkà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ẹ̀yìn dáhùn ketekete. Wáyà kò já. Àmọ́ bí mo ṣe ṣí fídíò orin nínú pléyà, ìyẹn ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń gbé fídíò jáde, ẹ̀yìn tún yadi. Mo wo ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn: sitẹríò ni wọ́n yàn, ọ̀tún àti òsì péré. Ohùn mẹ́fà ló wà nínú fídíò náà, pléyà sì ń rọ́ gbogbo rẹ̀ dà síwájú.

"Ta ló yan èyí, sà?"

Díákónì wúkọ́. "Èmi ni. Mo ní ti iwájú ti tó."

Mo yàn án padà sí ti sípíkà mẹ́fà, mo pa pléyà, mo tún un ṣí. Àwọn ọkùnrin dá orin níwájú. Ohùn àwọn obìnrin tó ń gbè é sì dé láti ẹ̀yìn. Díákónì yí gbogbo ara padà, ó ń wá ẹni tó wọlé. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nìkan, ó yíjú sí mi, níṣojú ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Títí," ó ní, "ẹ̀yìn kò yadi. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."